Ẹ fi àyè sílẹ̀: àwọn òfin tí mo fi ń wakọ̀

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń wakọ̀ léèrè, á ní òun mọ ọkọ̀ wà dáadáa, àwọn yòókù ni wèrè. Torí náà mi ò wá kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí wọ́n ṣe ń yí sítíárì o, àwọn òfin tí mo fún ara mi ni mo fẹ́ kọ síbí, èyí tí mò ń tẹ̀lé yálà ọlọ́pàá wà lójú títì tàbí kò sí níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wò wọ́n dáadáa, nǹkan kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wá, àyè ni: àyè láti ríran, àyè láti dúró, àyè tí ẹlòmíì fi lè ṣàṣìṣe níwájú yín kó má yọrí sí òkú. Ọ̀rọ̀ òkú yẹn kì í ṣe àsọdùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ni jàǹbá ọkọ̀ ń pa lọ́dọọdún, kò sì sí ohun tó ń pa àwọn tọ́jọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 29 tó o.

Kí ọkọ̀ tó gbéra

Mo máa ń yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀kan kí n tó wọlé. Ó lè jọ àṣejù lójú àwọn kan, ṣùgbọ́n ọmọ kékeré tó lóṣòó sẹ́yìn bọ́ńpà, kò sí jígí tó máa fi í hàn yín, ibẹ̀ náà lẹ sì ti máa rí táyà tó ti ń rọ̀ àti ọ́ìlì tó ń kán sílẹ̀. Ẹ fi géèjì wo táyà nígbà tí ọkọ̀ ò tíì rìn, torí tó bá ti gbóná, nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa rí á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ ọkọ̀ yín wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sára táyà o, ìyẹn ni ibi tí táyà yẹn lè gbà á dé, kì í ṣe ibi tó yẹ kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ dé, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa ń ṣì í mú. Ẹ tún wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí lára táyà. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà yẹn. Táyà tó ti pẹ́ á máa sán lára bí ojú ẹ̀ bá tiẹ̀ ṣì nípọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dídán tàn yín.

Ti ìjókòó ńkọ́? Ẹ fẹ̀yìn ti àga pátápátá, kẹ́ ẹ wá na ọwọ́, ọrùn ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ lè gorí sítíárì láìjẹ́ pé èjìká kúrò lára àga. Kí àyà yín jìnnà sí sítíárì, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 25, torí èábáàgì, àpò afẹ́fẹ́ tó wà nínú sítíárì, kì í rọra jáde, ipá ló fi ń jáde. Ibi tí orí ń fẹ̀yìn tì, ẹ fà á sókè kó bá àtàrí yín dọ́gba, tó bá jẹ́ ọrùn ló dúró sí, kò wúlò tí wọ́n bá kọ lù yín látẹ̀yìn.

Bẹ́líìtì ni mi ò kí ń bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lé lórí. Ẹnjiníà kan ní Volvo, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀, Nils Bohlin, ló ṣe irú èyí tí gbogbo wa ń lò lónìí, ó gba orí èjìká kọjá ó tún gba ìbàdí kọjá, ọdún 1959 ni, ilé iṣẹ́ náà sì jẹ́ kí àwọn tó kù máa ṣe é láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Apá ìsàlẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sórí egungun ìbàdí, kì í ṣe orí ikùn. Ibi tí ìjọ̀gbọ̀n máa ń wà ni ẹ̀yìn. Àǹtí kan wọkọ̀ mi, wọ́n jókòó sẹ́yìn, mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi de bẹ́líìtì yẹn." Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn kẹ̀ ni mo wà." Mo ní, "Mo rí yín mà, ṣùgbọ́n tí mo bá já búréèkì lójijì, ẹ ò ní dúró sẹ́yìn, orí èmi lẹ máa wá bá mi níwájú." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dè é. Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni, ẹni tí ò de bẹ́líìtì lẹ́yìn lè fi ara ẹ̀ pa ẹni tó wà níwájú ẹ̀. Tí gbogbo èèyàn ò bá tíì dè é, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan.

Àyè iwájú

Èyí ló ṣe pàtàkì jù, torí náà ẹ jẹ́ n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá nǹkan kan tó dúró sójú kan níwájú, òpó iná tàbí pátákó ẹ̀gbẹ́ títì. Bí ìdí ọkọ̀ iwájú bá ṣe kọjá lára ẹ̀ báyìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pẹ̀lẹ́, oókan, eéjì, ẹẹ́ta, sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta. Tí imú ọkọ̀ yín bá ti dé ibi òpó yẹn kẹ́ ẹ tó ka ẹẹ́ta tán, ẹ ti sún mọ́ jù. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ sọ ọ́ di mẹ́fà. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú kíkà yìí ni pé kò sọ pé kẹ́ ẹ máa wọn mítà lójú títì, bẹ́ ẹ bá ṣe ń sáré sí i náà ni àyè yẹn á máa gùn sí i fúnra ẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta? Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, nǹkan bíi mítà 28 ló ń rìn ní sẹ́kọ́ńdì kan ṣoṣo. Kí ojú tó rí i, kí ọpọlọ tó gbà á, kí ẹsẹ̀ tó dé orí búréèkì, sẹ́kọ́ńdì kan ti lọ, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́ eré o. Ẹ tún mọ èyí mọ́ ọn: tẹ́ ẹ bá sọ eré di ìlọ́po méjì, ibi tí búréèkì máa gbé yín dé kẹ́ ẹ tó dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ìdí nìyẹn tí eré àsápajúdé fi máa ń ya àwọn tó ń sá a gan-an lẹ́nu.

Wọ́n á ní, "Tó o bá fi àyè sílẹ̀, gbogbo ayé á máa já wọ ibẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á já wọ̀ ọ́. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ẹ rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àsẹ̀lírétọ̀, àyè á tún ṣí. Kí ọkọ̀ mẹ́wàá já síwájú yín títí ẹ ó fi délé, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan. Eré náà ò sì mówó wọlé tó bí àwọn èèyàn ṣe rò, ìrìn 20 kìlómítà, ẹni tó ń sá 100 á fi ìṣẹ́jú 12 rìn ín, ẹni tó ń sá 120 á fi 10. Ìṣẹ́jú méjì péré ló ń torí ẹ̀ ki orí bọ iná yẹn.

Ẹni tó lẹ̀ mọ́ yín nídìí ńkọ́, tó tún ń ṣẹ́ná wọ inú jígí yín? Ẹ má já búréèkì láti fi kọ́ ọ lọ́gbọ́n, jàre. Ẹ fi kún àyè tó wà níwájú yín, kẹ́ ẹ lè rọra dúró tó bá di dandan, torí tiyín nìkan kọ́ lẹ̀ ń rò nísinsìnyí, ẹ̀ ń bá òun náà rò ó. Ibi àkọ́kọ́ tó bá ti ṣeé ṣe, ẹ yà fún un, kó máa lọ.

Kí ará ọ̀nà mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe

Tíráfíkétọ̀ kọ́kọ́, búréèkì lẹ́yìn náà, sítíárì ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é sódì, wọ́n á ti já búréèkì, wọ́n á ti máa yà, kí iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa ṣẹ́jú, ta ni wọ́n wá ń sọ fún? Tẹ́ ẹ bá sì ti yà tán, ẹ pa á.

Jígí, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, mo máa ń yọjú wò ó ní gbogbo ìgbà, pàápàá kí n tó tẹ búréèkì. Ṣùgbọ́n jígí ò rí gbogbo nǹkan. Ẹ yí ọrùn wo èjìká yín kẹ́ ẹ tó kúrò ní ìlà kan bọ́ sí òmíì, ibẹ̀ ni alùpùpù máa ń sá pamọ́ sí. Alùpùpù yìí tún máa ń tan ojú jẹ, bó ṣe kéré yẹn, ó máa ń jọ pé ó ṣì jìnnà àti pé kò sáré, torí náà ní ìkòríta, ẹ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ti tírélà rọrùn: tẹ́ ẹ ò bá rí ojú dírẹ́bà nínú jígí ẹ̀, òun náà ò rí yín, ẹ má dúró pẹ́ níbẹ̀.

Nǹkan kan wà tí wọ́n máa ń pè ní ọmọlúàbí lójú títì tó máa ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀ ń lọ lọ́nà tó ní ìlà méjì, ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fẹ́ sọdá, níbi tí kì í ṣe ibi ìsọdá, àánú ṣe yín, ẹ dúró ẹ sì fi ọwọ́ pè é pé kó máa bọ̀. Ó fọkàn tán yín, ó bọ́ sójú títì, ọkọ̀ tó wà ní ìlà kejì ò sì rí i rárá torí ọkọ̀ yín ti dí i lójú. Tí mo bá fẹ́ dúró fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, màá rọra dúró látòkèèrè, mi ò ní fọwọ́ pe ẹnikẹ́ni, kó fojú ara ẹ̀ wò ó kó tó gbẹ́sẹ̀. Bákan náà tó bá jẹ́ pé èmi ni òfin ní kí n kọjá ní ìkòríta, màá kọjá, torí tí mo bá dúró máa ń bẹ ẹlòmíì pé kó máa lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ èwo ni ká ṣe mọ́.

Tẹ́ ẹ bá dúró sáàárín títì tẹ́ ẹ fẹ́ yà kọjá níwájú àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí táyà iwájú kọjú síwájú gbọnrangandan títí àkókò á fi tó. Tẹ́ ẹ bá ti yí i sílẹ̀ tí ẹnì kan wá gbá yín nídìí, àárín àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ yẹn gan-an ló máa tì yín sí. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ ti lè rí ìsàlẹ̀ táyà ọkọ̀ iwájú nílẹ̀, tó bá bàjẹ́ síwájú yín, ẹ máa ríbi yà lọ.

Iná gíga, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní kété tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀. Nínú òjò, ẹ má tan tíráfíkétọ̀ méjèèjì papọ̀ kẹ́ ẹ sì máa lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn ò ní mọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà mọ́. Hóònù wà láti fi sọ pé ẹ wà níbẹ̀, kì í ṣe láti fi búni.

Ara yín

Fóònù, inú báàgì ló ń gbé tí mo bá ń wakọ̀. Ẹni tó bá ń sá 80 tó wá wo fóònù fún sẹ́kọ́ńdì márùn-ún, ó ti rìn ju mítà 110 lọ láìríran. Tí mo bá sì pe ẹnì kan tó sọ pé òun wà lórí ìrìn, màá ní kó pè mí padà tó bá dúró, màá sì gé e, ìwà ọmọlúàbí nìyẹn náà.

Ọtí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kọfí ò lè lé e jáde, àkókò nìkan ló ń lé e. Oorun ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Ẹni tó ti lajú sílẹ̀ fún wákàtí 17, bó ṣe máa wakọ̀ ò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ti mutí débi tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ní kó má wakọ̀. Ṣíṣí fèrèsé àti yíyí rédíò sókè, ẹ̀tàn ni. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ò rántí kìlómítà mélòó kan tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn kọjá, ẹ ti ń sùn nìyẹn, ẹ wá ibi tí kò léwu, ẹ sùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ sì wo ẹ̀yìn páálí oògùn yín, ti ọ̀fìnkìn pàápàá, àwọn kan máa ń kunni lóorun.

Ìbínú náà ńkọ́. Ẹni tó já síwájú yín, kò mọ̀ yín rí, kì í ṣe ẹ̀yin ló ń bá jà. Tẹ́ ẹ bá jẹ̀bi, ẹ gbé ọwọ́ sókè, ó máa ń pa iná tí ìbá ràn.

Tó bá yí bìrí

Táyà bẹ́: ẹ má tẹ búréèkì, ẹ di sítíárì mú ṣinṣin, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àsẹ̀lírétọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí eré fúnra ẹ̀ wálẹ̀. Táyà ń léfòó lórí omi, tí sítíárì ṣàdédé fúyẹ́: bákan náà, ẹ má já a sọ́tùn-ún sósì. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ní ABS, ìyẹn búréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, lẹ nílò láti dá dúró kíákíá, ẹ tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá kẹ́ ẹ má sì tú u, ó máa gbọ̀n lẹ́sẹ̀ yín, kò bàjẹ́, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹ ṣì lè yí sítíárì yà fún nǹkan. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn, gíá kékeré ni kẹ́ ẹ fi sọ̀ ọ́, búréèkì tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ láìdáwọ́ dúró máa gbóná débi tí kò ní mú mọ́.

Tẹ́ ẹ bá dé

Mo máa ń fi ẹ̀yìn wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí, kí n lè kọjú síta tí mo bá fẹ́ lọ. Kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ fi ṣí i, ara yín á yí fúnra ẹ̀, ojú á bọ́ sẹ́yìn, ẹ máa rí oníkẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ kí ilẹ̀kùn tó gbá a. Ẹ sọ fún àwọn tẹ́ ẹ gbé náà. Tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ sẹ́yìn, ẹ kó báàgì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ látilé, kó má di pé ẹ ti kìlẹ̀kùn tẹ́ ẹ ti lọ, ọkọ̀ tó wà lóòrùn máa ń gbóná kíákíá, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ṣí fèrèsé díẹ̀ sílẹ̀.