Bí a ṣe ń tú nọ́ńbà ńlá

Bí wọ́n bá gbé 799,128 síwájú rẹ, má tíì na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ìṣirò. Ohun tí à ń wá ni àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ, ìyẹn irú 2, 3, 5, 7 àti 11, tí nǹkan kan kò lè pín dọ́gba àfi 1 àti àwọn fúnra wọn.

Ìrù rẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò. 128 ló gbẹ̀yìn, 8 sì pín 128 dọ́gba. Ó parí, nítorí 8 pín 1,000 láìṣẹ́kù, ohun tó wà níwájú kò lè dà á rú. Fi 8 pín gbogbo rẹ̀, wàá rí 99,891.

Wá ro díjíìtì rẹ̀ pọ̀: 9+9+8+9+1 jẹ́ 36. 9 pín 36, torí náà ó pín 99,891 náà. A dé 11,099. Ro ìyẹn pọ̀, ó jẹ́ 20, a ti bọ́ lọ́wọ́ 3. Kò parí sí 0 tàbí 5, a fo 5. Ní ti 7, èmi máa ń pín in tààrà ni: ó ṣẹ́ku 4.

Fún 11, máa yọ kó o máa rò: 1−1+0−9+9 jẹ́ 0. Ó wọlé. Ó ku 1,009.

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ọ̀nà, wọ́n á máa pín títí ilẹ̀ á fi ṣú. 32 lọ́nà 32 jẹ́ 1,024, ó ti ju 1,009 lọ. Bí 1,009 bá fọ́ sí méjì, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ kéré sí 32. Torí náà, 11 lẹ́ẹ̀kan sí i, 13, 17, 19, 23, 29 àti 31 nìkan ló kù láti dán wò. Wọ́n ṣẹ́ku 8, 8, 6, 2, 20, 23 àti 17. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni 1,009.

Má fojú lásán dá a mọ̀ o. Fermat gan-an, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ìṣirò, gbà pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni 4,294,967,297. Lọ́dún 1732 ni Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, fi hàn pé 641 pín in.

Ó wá di 2³ × 3² × 11 × 1,009. Mélòó ló lè pín 799,128 dọ́gba? Fi 1 kún iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fara hàn, kó o sọ wọ́n di púpọ̀: 4 × 3 × 2 × 2, ó jẹ́ 48. Má ṣe rò wọ́n pọ̀! O lè mú 2 ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan, tàbí kó o má mú un rárá. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè bá èyíkéyìí nínú ti 3 rìn.

Bí o bá fẹ́ àpapọ̀ àwọn 48 náà, 1+2+4+8 jẹ́ 15, 1+3+9 jẹ́ 13, 1+11 jẹ́ 12, 1+1,009 jẹ́ 1,010. Sọ wọ́n di púpọ̀, ó di 2,363,400. Yọ 799,128 fúnra rẹ̀ kúrò, ó ku 1,564,272: àwọn ọmọ ti ju bàbá wọn lọ.