Bí mo ṣe yanjú wàhálà dátábéèsì tí kò fẹ́ gba JMeter wọlé

Wọ́n gbé test plan (ètò ìdánwò) JMeter kan fún mi, JMeter ni áàpù tó ń ṣe bí ọ̀pọ̀ òǹlò láti dán agbára server tàbí dátábéèsì wò, wọ́n ní kí n bá àwọn wò ó torí gbogbo request inú ẹ̀ ló pupa ní View Results Tree, ibi tí JMeter ti ń fi èsì hàn, ẹyọ kan ò wọlé. MySQL 8 ni dátábéèsì ọ̀hún, áàpù tó ń lò ó sì ń ṣiṣẹ́ geerege, torí náà ọ̀dọ̀ JMeter ni mo kọjú sí.

Mo kọ́kọ́ dín thread (òǹlò àfarawé) kù sí 1, loop (iye ìgbà tó máa ṣe é) náà 1. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi igba thread wá ìdí error, ṣe ni gbogbo ẹ̀ á kàn dà rú mọ́ yín lójú. Mo wá ṣí jmeter.log, torí inú ibẹ̀ ni "Caused by" wà, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló sì sábà máa ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

"Cannot load JDBC driver class" ni mo bá níbẹ̀. JMeter kì í gbé dráífà MySQL, ìyẹn ohun tó máa fi bá MySQL sọ̀rọ̀, wá fúnra ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa wa jar (fáìlì Java) ẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ jù ú sínú fóldà lib, kẹ́ ẹ pa JMeter kẹ́ ẹ tún un ṣí, torí ìgbà tó bá ń dìde ló máa ń ka ohun tó wà nínú fóldà yẹn. Mo fi Connector/J, dráífà MySQL nìyẹn, síbẹ̀, mo sì pààrọ̀ orúkọ dráífà inú test plan láti com.mysql.jdbc.Driver, orúkọ àtijọ́ nìyẹn, sí com.mysql.cj.jdbc.Driver.

Mo tún tẹ Start, error yí padà, ó ti wá di "Cannot create PoolableConnectionFactory". Èèyàn á rí i, á rò pé pool (àkójọ connection tí àwọn thread jọ ń lò) ló bà jẹ́, rárá o, ohun tó ń sọ ni pé òun ò rí connection àkọ́kọ́ ṣe, ìdí ẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé e. "Public Key Retrieval is not allowed" ló tẹ̀ lé tèmi. MySQL 8 máa ń fi caching_sha2_password yẹ páásíwọ̀ọ̀dù wò, tí TLS (ohun tó ń bo ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà kí ẹlòmíì má kà á) ò bá sí, dráífà ní láti gba public key lọ́wọ́ server kó tó lè fi páásíwọ̀ọ̀dù ránṣẹ́, kì í sì í gbà á láìjẹ́ pé ẹ yọ̀ǹda fún un. URL wá di jdbc:mysql://localhost:3306/idanwo?useSSL=false&allowPublicKeyRetrieval=true. Ẹ̀rọ ìdánwò ni mo ti ṣe èyí o! Lórí server gidi, TLS ni kẹ́ ẹ tàn, torí ẹni tó bá dúró sáàárín lè gbé key tiẹ̀ fún dráífà, páásíwọ̀ọ̀dù yín sì lọ nìyẹn.

Ó wọlé. Request kan ṣoṣo ló ṣì pupa, "No pool found named", wọ́n kọ ọ́ ní myPool ní JDBC Connection Configuration, wọ́n wá kọ ọ́ ní mypool nínú request yẹn. Mo ṣe é kó dọ́gba, ó parí.

Ibi tó le jù wá kù. Mo dá thread padà sí 200 tó wà tẹ́lẹ̀, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ju "Timeout waiting for idle object", àwọn tó wọlé pàápàá ń lo nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 8, wọ́n sì ti ń di ẹ̀bi ru dátábéèsì. Mo tẹ ọ̀kan nínú wọn wò: Load time (gbogbo àkókò tó lò) 7980, Connect Time (àkókò tó fi rí connection gbà) 7900. Ìyẹn ni pé query (ìbéèrè sí dátábéèsì) fúnra ẹ̀ ò lò ju milisẹ́kọ́ǹdù 80 lọ, gbogbo ìyókù, ìdúró ni! Max Number of Connections wà ní 2, igba thread ń dúró de connection méjì, JMeter sì máa ń ka àkókò ìdúró yẹn mọ́ ti request, tó bá wá kọjá 10000 tó wà ní Max Wait, ó di error.

Ẹnì kan ní ká fi 0 sí Max Number of Connections. Tó bá jẹ́ 0, thread kọ̀ọ̀kan á ní connection tiẹ̀, 200 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ 151 ni max_connections MySQL (iye connection tó lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà) tẹ́nikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án, "Too many connections" ló máa já sí. Ti PostgreSQL, dátábéèsì míì, tiẹ̀ kéré sí i, 100 ni. Èmi ò fara mọ́ kéèyàn kàn máa gbé max_connections sókè kí ìdánwò lè kọjá, torí áàpù gidi ò ní lo iye yẹn. Mo béèrè iye tí pool áàpù fúnra ẹ̀ jẹ́, wọ́n ní 20, mo fi 20 síbẹ̀, mo sì fi thread náà sí 20 kí n lè rí agbára dátábéèsì láìsí pé ẹnikẹ́ni ń dúró de ẹnikẹ́ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, mo tẹ SHOW STATUS LIKE 'Threads_connected', tó ń sọ iye connection tó wà ní ṣíṣí, ní ọ̀dọ̀ MySQL láti rí i pé JMeter ò ju 20 lọ lóòótọ́. Connect Time já sí 0 lẹ́yìn àwọn ti àkọ́kọ́, àwọn nọ́ńbà yẹn ni mo sì kó fún wọn.