Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Áńtíráàsì: Ohun Tó Ń Ṣe Nínú Ara Ẹran Yín

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí áńtíráàsì, àrùn kòkòrò tó ń pa ẹran lójijì tó sì lè ran ènìyàn, bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kìlọ̀ pé kí a ṣì yẹra fún pọ̀nmọ́, ẹran ìgbẹ́ àti ẹran yíyan. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù keje, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ti rí àrùn náà lára ẹran oko kan ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger. Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ló wà pọ̀ nínú oko náà. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú, ojú, etí àti ihò ìdí àwọn tó kú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti òkè lọ́hùn-ún ni ọ̀pọ̀ màlúù tí à ń pa ní Ìbàdàn àti Èkó ti ń wá, nítorí náà ọ̀rọ̀ Suleja kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tó jìnnà.

Gbogbo ibi tí a bá gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára áńtíráàsì dé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi àwa dókítà ẹran: “Ṣé ó máa wo èyí tó ń ṣàìsàn sàn?” Kò ní wò ó sàn. Àjẹsára kì í ṣe oògùn tó ń lé àrùn jáde. Ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́ ara, ẹ̀kọ́ sì ń gba ọjọ́. Ẹni tó bá mọ èyí ló máa mọ ìdí tí àwọn ìlànà wa fi rí bí wọ́n ṣe rí.

Ohun méjì ni kòkòrò áńtíráàsì fi ń pa ẹran. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀wù kan tó gbé wọ̀, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ kì í fi lè gbé e mì. Èkejì ni májèlé rẹ̀, tó pín sí mẹ́ta. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í pa nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn ló ń ṣí kí àwọn méjì tó kù lè ráyè wọlé. Bí ara bá ti dá aṣílẹ̀kùn yìí mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì ti ní ohun tó máa fi dì í mú, àwọn apani méjèèjì á dúró síta.

Kí ẹ̀dá tó mọ èyí, àgùntàn ti kú lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún 1881, nínú oko kan ní Pouilly-le-Fort lórílẹ̀-èdè Faransé, Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gún àgùntàn 24, ewúrẹ́ kan àti màlúù mélòó kan ní kòkòrò áńtíráàsì tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tún gún wọn ní ọjọ́ 17. Wọ́n fi àgùntàn 24 mìíràn àti ewúrẹ́ kan sílẹ̀ láìfún wọn ní nǹkan kan. Nígbà tó di ọjọ́ 31, wọ́n fi ògidì kòkòrò tó ń pani gún gbogbo wọn pátá. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà, èrò pé jọ wá wò wọ́n. Àwọn tó gba àjẹsára dúró lórí ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ àgùntàn tí kò gbà á ti kú sílẹ̀. Méjì ṣubú lójú àwọn òǹwòran, èyí tó gbẹ̀yìn sì kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ kíyè sí ọjọ́ 14 tó wà láàárín abẹ́rẹ́ kejì àti àdánwò. Pasteur dúró kí ara àwọn ẹran náà kẹ́kọ̀ọ́ ná.

Ní 1895, Achille Sclavo, dókítà kan ní Ítálì, fa omi ẹ̀jẹ̀ ẹran tó ti ní àjẹsára, ó sì fi tọ́jú àwọn tí àrùn náà mú. Ìyẹn fi hàn pé ohun ìjà tí ara kọ́ láti ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an.

Àmọ́ àjẹsára ìgbà náà kò ṣeé gbára lé. Nígbà mìíràn agbára rẹ̀ á pọ̀ jù, á pa ẹran. Nígbà mìíràn kò ní tó nǹkan. Dókítà ẹran kan, Max Sterne, ló yanjú rẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1940, ní Onderstepoort lẹ́bàá ìlú Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà. Ó wá irú kòkòrò tó ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sọnù, ó sì dán an wò lára ẹranko kí ó tó di ti àwọn àgbẹ̀. Kòkòrò aláìlẹ́wù yìí ṣì ń mú májèlé jáde díẹ̀, ara sì ń tipa bẹ́ẹ̀ mọ aṣílẹ̀kùn yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ lè gbé e mì wẹ́rẹ́. Àjẹsára Sterne ni wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé títí dòní. Wọ́n ń ṣe àjẹsára áńtíráàsì ní Vom náà.

Nítorí náà, ohun alààyè ló wà nínú ìgò yẹn. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe.

Ìyá kan tó ń sin ewúrẹ́ pè mí ní ọjọ́ kejì tí mo gún ẹran rẹ̀. “Ọ̀gá dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó o. Abẹ́rẹ́ yín ti gbé gẹ̀gẹ̀ sí ewúrẹ́ mi lọ́rùn.” Nígbà tí mo débẹ̀, ọrùn ewúrẹ́ mẹ́ta ti wú, ó gbóná díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ èèpo iṣu. Wíwú yẹn kì í ṣe àrùn. Ara ló ń jà, ewúrẹ́ sì máa ń wú ju màlúù lọ. Ó sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí n tó dé, wọ́n ti ra oxytet, oògùn apakòkòrò kan, lọ́wọ́ olóògùn ẹran, wọ́n ti fi gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oògùn apakòkòrò náà kò mọ̀ pé olùkọ́ ni kòkòrò yìí. Ó ń pa á ni. A ní láti dúró kí oògùn náà kúrò lára wọn, ká tó tún àjẹsára náà gún. Ó yẹ kí n ti sọ èyí fún ìyá náà kí n tó kúrò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Ẹ má fún ẹran ní oògùn apakòkòrò kankan, ìbáà ṣe pẹnisílínì tàbí oxytet, fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ṣáájú àjẹsára àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹran bá ń ṣàìsàn, ẹ tọ́jú rẹ̀ ná, àjẹsára rẹ̀ á dúró. Bí oyún ẹran bá ti sún mọ́ bíbí, ẹ sọ fún dókítà ẹran kí ó tó fa abẹ́rẹ́. Abẹ́ awọ ni a ń gún un sí. Ẹ gbé ìgò náà sínú kúlà oníyìnyín, ẹ má jẹ́ kó dì. Bí ẹ bá gbé e sókè síhà ìmọ́lẹ̀, ẹ máa rí i pé nǹkan funfun ti rọ̀ sí ìdí rẹ̀: àjẹsára gan-an nìyẹn. Ẹni tí kò bá mi ìgò kí ó tó fa abẹ́rẹ́, omi lásán ni ẹran àkọ́kọ́ máa gbà. Ẹ má ju ìgò tàbí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́kù sínú igbó. Dókítà ẹran ni kó gbé e padà.

Ó máa ń tó bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ààbò tó fìdí múlẹ̀, kì í sì í ju bí ọdún kan lọ. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹran aládùúgbò bá kú. Ẹran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gún kò gbọdọ̀ dé odò ẹran títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò á fi pé, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀yin tó ń sin àgbò fún Iléyá, ẹ ka ọjọ́ náà sẹ́yìn dáadáa láti ọjọ́ Iléyá kí ẹ tó pè wá. Ìyá elewúrẹ́ yẹn ti fi èédú kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ sára ògiri ilé ẹran rẹ̀.

Bí ẹran bá kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kò dì ń jáde lára rẹ̀, ẹ má mú ọ̀bẹ. Bí òkú náà bá wà ní títì, jíjẹrà á pa kòkòrò inú rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá là á, tí afẹ́fẹ́ sì kàn án, kòkòrò náà á di hóró líle tó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1942, àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì fi áńtíráàsì dán àgùntàn wò ní erékùṣù Gruinard ní Scotland. 1990 ni wọ́n tó kéde pé ibẹ̀ kò léwu mọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi kẹ́míkà fọ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ lé ajá àti igún kúrò níbẹ̀, ẹ pe ọ́fíìsì dókítà ẹran ìjọba. Ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á, ẹ má bó awọ rẹ̀ fún onípọ̀nmọ́. Sísè tí a ń se ọbẹ̀ nílé kò tó láti pa hóró yẹn.

Bí egbò kan bá yọ ní ọwọ́ tàbí ojú ẹni tó fọwọ́ kan irú ẹran bẹ́ẹ̀, tí àárín rẹ̀ dúdú, tí kò sì dun ún, kó má fi àgbo rà á. Kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, torí oògùn apakòkòrò máa ń wò ó sàn bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Kó sọ fún dókítà pé òun fọwọ́ kan òkú ẹran, kí wọ́n má baà máa tọ́jú rẹ̀ bí eéwo.