Àṣìṣe Tí A Ń Ṣe sí Ẹni Tuntun Nínú Ẹgbẹ́ Apẹja Wa

Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ni òfin ilẹ̀ England ti máa ń dá ìwọ̀ dúró nínú odò kí ẹja lè ráyè yé ẹyin, a kì í sì í ju ìwọ̀ padà sómi títí di ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ ìpadàbọ̀ yìí ni ẹni tuntun máa ń pọ̀ jù lọ nínú ẹgbẹ́ wa létí odò Lea, ní àríwá London, ọjọ́ náà ni a sì máa ń lé púpọ̀ nínú wọn lọ láìmọ̀.

Àṣìṣe tí ó burú jù lọ ni kí a jẹ́ kí ẹni tuntun mú ẹja kí a tó sọ ibi tí ẹja náà ń lọ fún un. Àwọn òyìnbó inú ẹgbẹ́ gbà pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé inú odò ni ẹja ń padà sí, ṣùgbọ́n lójú ọmọ Yorùbá tí ó dàgbà létí odò Ògùn, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni. Ní ọdún kan, ẹ̀gbọ́n kan tí èmi fúnra mi mú wá fa ẹja chub kan sókè, tí ó gùn tó láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ti dì í sínú ọ̀rá, ó sì ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé kí ó lọ ata sílẹ̀, nígbà tí àgbà ẹgbẹ́ kan já lù ú, tí ó ń pariwo bí ẹni tí ó mú olè. Ẹ̀gbọ́n da ẹja padà, ó di ẹrù rẹ̀, a kò sì fojú kàn án mọ́. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi ni mo jẹ̀bi.

Ohun tí ó yẹ kí n ti sọ kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Òfin gbà kí ènìyàn mú ẹja kéékèèké 15 tí kò gùn ju sẹ̀ńtímítà 20 lọ lóòjọ́, àti ẹja pike kan ṣoṣo tí kò ju sẹ̀ńtímítà 65 lọ, bí ẹni tí ó ni etí odò bá fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ wa kò sì fọwọ́ sí i rárá.

A tún máa ń rò pé ẹni tí ó ti gba ìwé àṣẹ ìjọba ti parí ọ̀ràn ìwé. Lóòótọ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpẹja ti Environment Agency, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó àyíká, ìtanràn àìní rẹ̀ sì lè tó £2,500. Síbẹ̀ ìwé náà kò fún un ní ẹ̀tọ́ láti jókòó sí etí odò tí ẹgbẹ́ háyà. Kí a béèrè ìwé ìjọba àti ìwé ẹgbẹ́ kí ó tó tẹ́ àga sílẹ̀.

Nípa irinṣẹ́, ọ̀pá kan, ìwọ̀ kékeré àti ìdin díẹ̀ ti tó. Kí a má ṣe yá a ní òjé wẹ́wẹ́ tí a ń so mọ́ okùn ìwọ̀, èyí tó wà nínú àpótí àtijọ́, èyí tí òfin ti gbé ẹsẹ̀ lé láti ọdún 1987 nítorí pé ó ń pa àwọn ẹyẹ swan tí wọ́n bá gbé e mì.

Kí a má sì fi ẹnu nìkan kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ó rí wa bí a ti ń ti ọwọ́ bọ omi kí a tó fọwọ́ kan ẹja, bí a sì ti ń kọ ojú ẹja barbel sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, tí a dì í mú jẹ́jẹ́ títí yóò fi ju ìrù fúnra rẹ̀.

Ní tèmi, kí n tó fún ẹni tuntun ní ọ̀pá báyìí, mo máa ń ní kí ó kọ́kọ́ pe ilé pé kí wọ́n má gbé ìkòkò kaná dè é.