Àwọn àṣìṣe tó ń tú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ àgbẹ̀ tó jẹ́ ti ẹbí ká

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, èyí tí wọ́n fi ń gún ẹyìn, èyí tí wọ́n fi ń yin àgbàdo: ìdí wọn ni mo dàgbà sí l'Óṣogbo, nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá wa. Mo ti rí ilé iṣẹ́ bíi tiwa tó kú. Kì í ṣe àìrí iṣẹ́ ṣe ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹbí ló sọ wọ́n di àpò tí gbogbo ọwọ́ ń wọ̀.

Owó àsansílẹ̀ ni n ó fi ṣíwájú, torí èmi náà jẹ̀bi ẹ̀. Ìyá oní-gàrí kan wá láti Ìlobùú, wọ́n san ìdajì owó ẹ̀rọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la kó ọmọ jáde nílé wa. Àbúrò mi ní ká mú díẹ̀ níbẹ̀, a ó dá a padà. Mo mú un. Kí n tó padà dé ọ̀dọ̀ àwọn onírin, owó irin ti lé. Ni mo bá fi irin dúdú lásán ṣe ibi tó yẹ kí sítéńlẹ́ẹ̀sì, irin tí kì í dípẹtà, wà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ìyá gbé ẹ̀rọ padà wá. Omi ẹ̀gẹ́ kan, ó sì máa ń jẹ irin. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ ikùn ẹ̀rọ náà, ó wọlé bíi páálí tí òjò pa. Ìyá ò pariwo. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ mi.

Ẹ má ṣe fi owó àsansílẹ̀ ṣe ohun mìíràn. Ọjọ́ tó bá wọlé ni kẹ́ ẹ ra irin oníbàárà yẹn. Ọmọ ilé tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ san owó oṣù fún un bí ẹ ṣe ń san fún ẹlòmíì. Ẹni tí ẹ ò sanwó fún á máa sanwó fún ara rẹ̀. Ibi tí oúnjẹ bá sì ti ń kan irin, sítéńlẹ́ẹ̀sì ni o.

Ẹ má sì jẹ́ kí iṣẹ́ wà nínú orí ẹnì kan ṣoṣo. Bàbá wa kì í ya nǹkan sórí ìwé. Igi kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ sàmì sí lára ni wọ́n fi ń wọn gbogbo ẹ̀rọ, títí ọmọṣẹ́ kan fi fi igi náà dáná. Ẹ kọ ìwọ̀n púlì, àgbá irin tí bẹ́líìtì ń yí lórí rẹ̀, pàápàá sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Lister tó ń yí nígbà 650 ní ìṣẹ́jú kan, tí púlì ínǹṣì 8 rẹ̀ bá ń fa ti ínǹṣì 4, dírọ́ọ̀mù tó ń lọ ẹ̀gẹ́ á yí ní 1,300. Ẹ gbé púlì kan náà sórí ẹ́ńjìnnì pẹtiróò tó ń yí 3,600, ó di 7,200. Bẹ́áríìnì á jóná, dírọ́ọ̀mù sì lè fọ́ mọ́ ènìyàn lára.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ogún. Bí bàbá bá kú láì ṣèwé, tí ṣọ́ọ̀bù sì jẹ́ ti bàbá fúnra wọn, ogún ni gbogbo irinṣẹ́. Ìdí-igi la fi ń pín in nílẹ̀ wa, ìyẹn ni pé iye ìyàwó tó bímọ fún bàbá ni iye ìpín. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà, ní London ní 1962 sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pín ti aládùúgbò wa kan. Ìdí kan gba léèdì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá irin, ìkejì gba ẹ̀rọ ìjórin àti jẹnẹrétọ̀, ìkẹta gba ilẹ̀. Ihò bóòtù mẹ́rin ló kù lórí kọnkéré níbi tí léèdì wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ dúró yí i ká.

Ẹ forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe orúkọ òwò lásán, nítorí orúkọ òwò ò ya ṣọ́ọ̀bù kúrò lára ẹni tó ni ín. Kẹ́ ẹ sì ṣe ìwé pé bàbá ti gbé irinṣẹ́ fún kọ́ńpìnnì. Ìpín inú rẹ̀ làwọn ọmọ á jogún, léèdì á dúró síbi tó wà.

Bàbá wa bínú nígbà tí a kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀: "Ṣé ikú mi lẹ ń retí ni?" Ìyáálé ilé ló bá wọn sọ̀rọ̀ lóru. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ síwèé, wọ́n fi àkísà nu gíríìsì kúrò lára léèdì, wọ́n sì ń pe nọ́ńbà ara rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀.