Báàgì Ẹ̀yìn, Òjò àti Etíkun: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Wá Lówó

Ẹ lọ dúró ní gáréèjì Kútọ̀ l'Ábẹ́òkúta láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹfà, ẹ ó rí àwọn tó ń lọ gbafẹ́ létíkun. Báàgì ẹ̀yìn tuntun, bàtà aláwọ tí kò tíì rin dé ọjà rí, ṣòkòtò jínsì méjì, agbòjò lọ́wọ́. Àgbádárìgì ni wọ́n ń lọ, tàbí Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó lágídí jù á ní Igbókòdá ni, níbi tí wọ́n ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ayétòrò ti etíkun Oǹdó. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n á padà dé, gbogbo ẹrù á ti rin gbindin, á máa rùn. Owó ni wọ́n sì fi ra ìyà yẹn o.

1. Wọ́n ń fi ojú ọ̀run Abẹ́òkúta wọn ti etíkun. Oòrùn lè máa ta ganrínganrín lórí Olúmọ kí òjò máa lu Àgbádárìgì. Oṣù Kẹfà sí Keje, àti Kẹsàn-án sí Kẹwàá, ni òjò máa ń pọ̀ jù. Ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ tí ẹ gbójú lé kì í dá ìgbì òkun dúró. Apá ìlà-oòrùn ni kí ẹ máa ṣọ́: tí ìkùukùu dúdú bá tò bí ògiri níbẹ̀, tí atẹ́gùn tútù sì fẹ́ lójijì, ẹ wá ilé wọ̀. Ẹ má dúró ya fọ́tò, ẹ má sì sá sábẹ́ igi àgbọn.

2. "Báàgì yìí ò gbomi." Gbólóhùn yìí ló ń bí mi nínú jù. Aṣọ tí wọ́n fi rán an lè má gbomi lóòótọ́, ojú rírán ńkọ́, tí abẹ́rẹ́ ti lu ihò sí lára láti òkè délẹ̀? Síìpù ńkọ́? Wọ́n á tún lọ ra ìbòrí òjò lé e. Ìbòrí yẹn kò bo apá tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn yín, ibẹ̀ gan-an ni omi tó ń ṣàn bọ̀ láti ọrùn ń gbà wọlé. Òjò etíkun kì í sì í rọ̀ láti òkè nìkan. Atẹ́gùn á gbé e wá láti ẹ̀gbẹ́, á fẹ́ ìbòrí náà bí ìgbòkun, á sì bọ́ ọ lọ. Gbogbo omi tó wọlé á wá dárogún sí ìsàlẹ̀, lórí aṣọ tí ẹ fẹ́ fi sùn.

Ọ̀rá dúdú ńlá tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń kó pàǹtí, méjì péré ló tó. Ẹ ki ọ̀kan bọ inú èkejì, ẹ tẹ́ wọn sínú báàgì kí ẹ tó kó ohunkóhun sí i. Aṣọ ìsùn ni kó wà nísàlẹ̀, ohun tó wúwo kó sún mọ́ ẹ̀yìn lágbedeméjì èjìká. Aṣọ òjò kò gbọdọ̀ wọ inú ọ̀rá rárá, òkè ni kó wà. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ẹnu ọ̀rá títí á fi le bí okùn, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ fi rọ́bà dè é. Ẹ má ta á ní kókó: ẹ ó fa á ya nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú u nínú òkùnkùn. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi ìwé ìròyìn gbígbẹ sísàlẹ̀ ọ̀rá, ẹ da garawa omi méjì lé báàgì náà lórí, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10. Tí ìwé bá tutù, ọ̀rá ti lu.

Àdìrẹ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Ìtòkú, ẹ dì í lọ́tọ̀. Tí omi bá kàn án, aró á ṣí, síńgílẹ́ẹ̀tì funfun yín á di elésèé-àlùkò.

3. Jínsì. Ẹ fi sílé.

4. Ẹrù tó ju kìlógíráàmù 10 lọ fún ọjọ́ mẹ́ta? Kí lẹ fẹ́ lọ tà?

Ìkarùn-ún rèé, àbí ìkẹfà: rírìn lórí iyanrìn nígbà tí òkun kún. Òkun ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó ń fà lẹ́ẹ̀mejì, bíi wákàtí mẹ́fà síra wọn. Tó bá fà, iyanrìn tútù á le lábẹ́ ẹsẹ̀. Tó bá kún, èyí tó rọ̀ nìkan ló kù, ẹsẹ̀ á máa rì. Àkókò yìí sì ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́, nítorí náà agogo àná kọ́ ni tòní. Ẹ bi àwọn apẹja.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ bọ́ báàgì lẹ́yìn kí ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń múni léfòó. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, báàgì tó so mọ́ yín lẹ́yìn á dojú yín bolẹ̀ sínú omi. Òwúrọ̀ ni kí ẹ máa sọdá, atẹ́gùn òkun ń le lọ́sàn-án.

Èèkàn àgọ́ kì í dúró nínú iyanrìn. Ẹ bu iyanrìn kún ọ̀rá, ẹ so okùn àgọ́ mọ́ ọn, ẹ rì í mọ́lẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ kan. Ẹ mú owó dání lọ́wọ́ náà o, nẹ́tíwọ́ọ̀kì POS kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Omi kànga létíkun lè ní iyọ̀, ẹ gbé piọ wọ́tà mẹ́fà dání fún ọjọ́ kan, ìyẹn lítà mẹ́ta.

Tí ẹ bá délé, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan síìpù báàgì náà kí ẹ sì sá a síbi atẹ́gùn. Tí ẹ ò bá ṣe é, iyọ̀ á jẹ ẹ́, kò ní ṣí mọ́, ẹ ó sì tún lọ ra òmíràn tí "ò gbomi".