Ẹ̀rọ ìgékoríko mi ń kú lẹ́nu iṣẹ́: ìdérí táǹkì ló fà á

Ojú mi rí màbo lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń gé koríko nílé wa n'Ìkòròdú. Tí mo bá fà á, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa dáhùn. Tó bá tó bí ìṣẹ́jú 10, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á kú. Tó bá sinmi díẹ̀, á tún dáhùn. Mo pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, mo fọ kabúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́. Mẹkáníìkì ní kí n ra kabúrétọ̀ tuntun. Ọpẹ́lọpẹ́ pé owó ò sí lọ́wọ́!

Lọ́jọ́ Sátidé tó tún kú, mo ní kí n wo epo. Bí mo ṣe yí ìdérí táǹkì báyìí, mo gbọ́ "fììì", bí ẹni ṣí mínírà, àmọ́ ńṣe ló ń fa afẹ́fẹ́ sínú. Àṣírí tú. Ihò tín-ń-tín kan wà lára ìdérí yẹn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo bá ṣe ń lọ sílẹ̀. Eruku àti ìdọ̀tí koríko ti dí i pa, epo ò wá lè ṣàn dé kabúrétọ̀ mọ́.

Mo fi abẹ́rẹ́ la ihò náà, mo fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, mo fẹnu fẹ́ ẹ. (Ẹ má torí ìyẹn tú ìdérí sílẹ̀ ṣiṣẹ́ o, epo lè dà sórí sàlẹ́ńsà tó gbóná.) Mo gé koríko dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá onílé lọ́jọ́ náà, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.